Bí a ṣe ń fi káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn sínú kọ̀ǹpútà FreeDOS

Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ojú ihò tí a ń ki wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì bọ̀ wà lára ohun tí àrá máa ń tètè bà jẹ́ lára kọ̀ǹpútà. Iná mànàmáná á gba orí wáyà tí wọ́n fà láti ilé kan sí èkejì wọlé. Kọ̀ǹpútà á ṣì máa tàn, ṣùgbọ́n ojú nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ á ti kú. Bó bá jẹ́ Windows ló wà lórí rẹ̀, káàdì tòkunbọ̀ kan péré ló máa gbà, Windows á sì dá a mọ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ FreeDOS (ètò ìpìlẹ̀ ọ̀fẹ́ tó ń ṣe bíi DOS àtijọ́) ni ńkọ́, bóyá torí ètò ìṣirò ọjà tí wọ́n fi Clipper tàbí FoxPro kọ láyé ijọ́un, tàbí torí ẹ̀rọ àyẹ̀wò kan tí kò gbọ́ ètò mìíràn? Káàdì tuntun yẹn á kàn jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò kí. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa mú un mọ FreeDOS.

FreeDOS kì í ṣe òkú. Ọdún 1994 ni Jim Hall bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀dà 1.3 jáde ní 2022, ẹ̀dà 1.4 sì jáde ní oṣù kẹrin 2025. Òun náà ni orúkọ tí ẹ máa ń rí lára páálí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n ń tà láìsí Windows nínú rẹ̀. Ẹni tó rà á sábà máa ń pa á rẹ́ kó tó délé, kò sì mọ̀ pé odindi ètò ni òun pa rẹ́.

Chip ni kí ẹ mọ̀, kì í ṣe orúkọ ara páálí

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ jù nìyí, ìdí nìyẹn tí a fi máa pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Dráífà tí à ń sọ (ètò kékeré tó ń bá káàdì sọ̀rọ̀, kì í ṣe ti mọ́tò o) kò mọ ẹni tó ta káàdì, chip orí rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan lè fi orúkọ kan náà ta káàdì fún ọdún márùn-ún, kí chip inú rẹ̀ sì ti yí padà lẹ́ẹ̀mẹta. Dráífà tó ṣiṣẹ́ fún káàdì èṣí lè máà dá tọdún yìí mọ̀ rárá.

Ẹ gbé káàdì náà sójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ ka ohun tó wà lórí chip dúdú tó tóbi jù. Bí ẹ bá rí àwòrán akàn kékeré, Realtek nìyẹn. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RTL ló máa tẹ̀ lé e. 82559 tàbí 82540EM, Intel ni. BCM57 pẹ̀lú nọ́ńbà mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, Broadcom ni.

Bí chip bá wà lórí motherboard (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà) tí ojú ò lè kà á, ẹ fi Linux orí fílàṣì tan kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ tẹ `lspci -nn`. Ẹ wá ìlà tó ní Ethernet nínú. Ní ìparí rẹ̀ ni ẹ ó ti rí nọ́ńbà méjì tí àmì : wà láàárín wọn, bíi 10ec:8139. Ti àkọ́kọ́ ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe chip, ìkejì ni chip fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ Windows ló wà nítòsí, ẹ ṣí Device Manager, ẹ lọ sí Properties káàdì náà, Details, kí ẹ yan Hardware Ids; VEN_10EC&DEV_8139 ni wọn ó kọ síbẹ̀, nǹkan kan náà ni.

Àwọn tí ẹ máa ń rí lára káàdì tòkunbọ̀ àti kọ̀ǹpútà àtijọ́, àti dráífà tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu:

10EC:8139, Realtek RTL8139: RTSPKT.COM
10EC:8029, Realtek RTL8029: NE2000.COM
8086:1229, Intel PRO/100: E100BPKT.COM
10B7:9200, 3Com 3C905C: 3C90XPD.COM
1022:2000, AMD PCnet: PCNTPK.COM
8086:100E, Intel 82540EM: E1000.DOS
14E4 àti nọ́ńbà mìíràn, Broadcom NetXtreme: B57.DOS

Ẹ kíyè sí i pé méjì tó kẹ́yìn parí sí .DOS, kì í ṣe .COM. Ọ̀nà wọn yàtọ̀, ó sì gùn jù; a máa dé ibẹ̀.

Bí ẹ kò bá tíì ra káàdì, RTL8139 ni kí ẹ wá. Ó wọ́pọ̀, kò wọ́n, dráífà rẹ̀ kò sì ní wàhálà. 100 megabit ló ń sá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, DOS kò sì ní lò tó ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi gigabit tàn yín. Ẹ rí i dájú ṣáá pé ihò PCI wà lórí motherboard yín, ìyẹn ihò gígùn àtijọ́. Ihò kékeré PCI Express kò ní gbà á. Bó bá jẹ́ PCI Express nìkan ló wà, káàdì Realtek 10EC:8168 ni kí ẹ rà, kí ẹ sì lọ gba packet driver rẹ̀ (irú dráífà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ètò DOS ń lò) ní abala DOS lórí ojú-ìwé Realtek. Káàdì USB àti Wi-Fi, ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀nà tí Wi-Fi fi lè ràn yín lọ́wọ́ wà nísàlẹ̀.

Kí ẹ tó ki káàdì bọ inú rẹ̀

Ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, kí ẹ tẹ bọ́tìnì tí a fi ń tan kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí rẹ̀ kí ẹ tó mú káàdì, pàápàá nígbà ọyẹ́, torí afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń kó iná sára ènìyàn, ìwọ̀nba tí ẹ kò ní mọ̀ lára sì tó láti pa chip. Bí ẹsẹ̀ káàdì tó ń dán bíi wúrà bá ti dúdú, ẹ fi rọ́bà tí àwọn ọmọ fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́ nù ún. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé tìtì, kí ẹ sì de skúrù rẹ̀. Káàdì tí wọn kò de á máa mì nígbàkigbà tí wọ́n bá fa wáyà, ẹ ó sì máa rò pé dráífà ló ń ṣiṣẹ́ tán tó tún ń dákẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú BIOS, ètò orí motherboard tó ń jí kọ̀ǹpútà. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ tún ṣe níbẹ̀. Ẹ pa Onboard LAN, torí ojú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí àrá ti jó ṣì lè máa di káàdì tuntun lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí Plug and Play OS, ẹ fi sí No: DOS kì í pín IRQ (nọ́ńbà tí káàdì fi ń pe kọ̀ǹpútà) fún káàdì, BIOS ló gbọ́dọ̀ pín in kí DOS tó jí. Bí kọ̀ǹpútà náà kò bá sì pẹ́ púpọ̀, ẹ tan Legacy tàbí CSM, torí FreeDOS kì í gba orí UEFI, ọ̀nà tuntun tí kọ̀ǹpútà fi ń jí, dìde. Kọ̀ǹpútà tí kò ní CSM rárá kò ní gba FreeDOS, ẹ má wulẹ̀ dá ara yín láàmú.

Gbígbé fáìlì wọ inú kọ̀ǹpútà tí kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Orí kọ̀ǹpútà mìíràn ni ẹ ti máa gba packet driver àti mTCP, àkójọ ètò tí Michael Brutman kọ, tó fún DOS ní ping (tó ń dán ọ̀nà wò), FTP (tó ń gbé fáìlì) àti DHCP (tó ń gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ ráútà). Ẹ kó wọn sórí fílàṣì tí ẹ ti ṣe ní FAT32. Ẹ ki fílàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà DOS *kí ẹ tó tàn án*. Bí ẹ bá ki fílàṣì bọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí DOS ti jí, kò ní rí i. Orúkọ fáìlì kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 8 lọ, pẹ̀lú 3 lẹ́yìn àmì ìdánudúró. Ẹ ṣe fódà kan:

MD C:\NET

kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ìlà tó kù gbà pé ibẹ̀ ni fáìlì yín wà.

Kí packet driver jí

Fún RTL8139, ẹ tẹ:

C:\NET\RTSPKT 0x60

Fún PCnet, `PCNTPK INT=0x60`. Fún NE2000, ẹ ó fi IRQ àti ibi tí káàdì wà kún un, bíi `NE2000 0x60 10 0x300`. Bó bá jẹ́ RTL8029 ni, IRQ sábà máa ń wà lójú àwọn ìlà tí BIOS kọ́kọ́ ń kọ jáde bí kọ̀ǹpútà bá ń jí; ní ti ibi tí káàdì wà, ẹ fi Linux orí fílàṣì tẹ `lspci -v`, kí ẹ wo iwájú I/O ports.

0x60 yìí máa ń da orí ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. Kì í ṣe IRQ. Ojú ilẹ̀kùn tí ètò DOS ń kàn kó tó bá dráífà sọ̀rọ̀ ni, ẹ sì lè yan èyíkéyìí láàárín 0x60 àti 0x80. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ kọ 0x60 síhìn-ín, kí ẹ wá kọ 0x62 sínú fáìlì mTCP.

Bó bá jí dáadáa, á kọ àdírẹ́sì MAC káàdì jáde, nọ́ńbà oníméjì-méjì mẹ́fà. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ FF tàbí 00, káàdì kò jókòó dáadáa nínú ihò rẹ̀, tàbí kó ti kú kí ẹ tó rà á. Ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e lọ sí ihò mìíràn, kí ẹ tún un dán wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ẹ má tíì fi LH síwájú rẹ̀. LH máa ń gbé dráífà lọ sí òkè ìrántí kí ààyè lè ṣẹ́ kù fún ètò ìṣirò nísàlẹ̀ 640 KB, ó dára ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí JEMMEX tàbí JEMM386 (àwọn ètò FreeDOS tó ń bójú tó ìrántí) bá ń ṣiṣẹ́, àdírẹ́sì tí DOS rí ní òkè yẹn lè máà jẹ́ ibi tí ìrántí náà wà gan-an. Káàdì PCI kì í béèrè lọ́wọ́ DOS kó tó kọ nǹkan sínú ìrántí. Tààrà ló ń kọ ọ́, sí ibi tí dráífà júwe fún un. Bí ìjúwe náà bá ṣì, kọ̀ǹpútà á gan, tàbí kí ọ̀rọ̀ wọlé ní wúruwùru. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀. Bó bá yá, kí ẹ wá gbìyànjú LH, kí ẹ fi `MEM /C` wo iye tí ẹ jèrè.

mTCP

Ẹ fi EDIT ṣí C:\NET\MTCP.CFG, kí ẹ kọ:

PACKETINT 0x60
HOSTNAME MOKOLA1
MTU 1500

Orúkọ yòówù tó bá wù yín lẹ lè fi sí HOSTNAME. Ẹ má fo ìlà MTU, ìwọ̀n ẹrù tó lè lọ lẹ́ẹ̀kan: bí kò bá sí níbẹ̀, mTCP á lo 576, fáìlì á sì máa wọ́ bí ìgbín. Lẹ́yìn náà:

SET MTCPCFG=C:\NET\MTCP.CFG
C:\NET\DHCP
C:\NET\PING 192.168.1.1

DHCP á bá ráútà sọ̀rọ̀, á sì kọ IPADDR, NETMASK, GATEWAY àti NAMESERVER sínú MTCP.CFG fúnra rẹ̀. Nítorí náà, fáìlì yẹn kò gbọdọ̀ wà lórí ohun tí a kò lè kọ nǹkan sí. Nọ́ńbà tí a fi sí PING ni ti ráútà. Ti yín lè jẹ́ 192.168.0.1 tàbí òmíràn, ẹ wo èyí tó wà níwájú GATEWAY.

Fún kọ̀ǹpútà tí àwọn mìíràn máa ń wá gba fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀, àdírẹ́sì tí kì í yí padà ló dára. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín, kí ẹ má sì lo DHCP mọ́:

IPADDR 192.168.1.60
NETMASK 255.255.255.0
GATEWAY 192.168.1.1
NAMESERVER 192.168.1.1

Ẹ lọ wò ó lórí ráútà pé 60 kò sí lára nọ́ńbà tó ń pín fún fóònù àwọn ènìyàn.

Ní ti ráútà: ráútà 4G tó ní ihò wáyà lẹ́yìn ló wúlò. MiFi kékeré tí a ń fi sápò kò ní ihò wáyà, DOS kò sì ní lè bá a sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé MiFi tàbí fóònù nìkan lẹ ní, ẹ wá ráútà kékeré tó ní WISP tàbí client mode. Òun á gba Wi-Fi, á sì fi wáyà gbé e fún kọ̀ǹpútà. Ní ti DOS, wáyà lásán ló rí.

Nígbà tí ping bá ti dáhùn, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí ìparí C:\FDAUTO.BAT (ní àwọn ẹ̀dà tó ṣáájú, AUTOEXEC.BAT ni):

C:\NET\RTSPKT 0x60
SET MTCPCFG=C:\NET\MTCP.CFG
SET TZ=WAT-1
C:\NET\DHCP
C:\NET\SNTP -set pool.ntp.org

SNTP ló ń tún aago ṣe láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, TZ ló sì ń sọ àgbègbè aago wa fún un. Àmì ìyọkúrò inú WAT-1 kì í ṣe àṣìṣe. Nàìjíríà fi wákàtí 1 ṣáájú UTC, ṣùgbọ́n bí TZ ṣe ń kà á nìyẹn, òdìkejì. Bí ẹ bá kọ WAT1, aago yín á fi wákàtí méjì pẹ́.

Bó bá jẹ́ .DOS ni dráífà yín

Dráífà E1000.DOS àti B57.DOS kì í ṣe packet driver. NDIS2 ni wọ́n, mTCP kò sì gbọ́ èdè wọn. Ògbufọ̀ kan ló máa dúró láàárín, DIS_PKT9.DOS. Ẹ tún máa nílò PROTMAN.DOS, PROTMAN.EXE àti NETBIND.COM, tó wà nínú Network Client tí Microsoft ṣe fún DOS. Ẹ kó gbogbo wọn sí C:\NET, kí ẹ wá kọ C:\NET\PROTOCOL.INI:

[PROTMAN]
DRIVERNAME=PROTMAN$

[E1000]
DRIVERNAME=E1000$

[PKTDRV]
DRIVERNAME=PKTDRV$
BINDINGS=E1000
INTVEC=0x60

Fún Broadcom, ẹ fi B57 àti B57$ rọ́pò. Lẹ́yìn náà, nínú FDCONFIG.SYS:

DEVICE=C:\NET\PROTMAN.DOS /I:C:\NET
DEVICE=C:\NET\E1000.DOS
DEVICE=C:\NET\DIS_PKT9.DOS

Bí mo ṣe tò ó yẹn ni kó wà: PROTMAN lákọ̀ọ́kọ́, dráífà káàdì, ògbufọ̀ kẹ́yìn. Ẹ ó rí i pé àwọn ìlà mìíràn nínú FDCONFIG.SYS ní nọ́ńbà àti àmì ìbéèrè níwájú, bíi 12?DEVICE=. Èyí túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá yan 1 tàbí 2 ní ojú àkójọ ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni ìlà náà máa ṣiṣẹ́. Ìlà tí kò ní nọ́ńbà á máa ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo. Nínú FDAUTO.BAT, `C:\NET\NETBIND` ló máa gba ipò RTSPKT. Èyí tó kù kò yí padà.

NETBIND ló ń so gbogbo wọn pọ̀. Bó bá ráhùn pé òun kò rí nǹkan kan so, ẹ fi ohun tó wà níwájú BINDINGS wé ohun tó wà nínú àkámọ́ onígun lókè rẹ̀. Lẹ́tà kan tó yàtọ̀ ti tó.

Ibi tó ti máa ń dáwọ́ dúró

*Dráífà jí, MAC hàn, ṣùgbọ́n DHCP kò rí ẹnikẹ́ni.* Ẹ kọ́kọ́ wo iná kékeré tó wà lẹ́yìn káàdì. Bí kò bá tàn, wáyà ni, ẹ fi òmíràn dán an wò. Bó bá tàn, IRQ ni kí ẹ fura sí: káàdì ń pe kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà kò gbọ́. Ẹ gbé káàdì lọ sí ihò PCI mìíràn; ihò kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń pe IRQ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìyẹn sì máa ń tán ọ̀rọ̀ náà. Ẹ tún pa ohun tí ẹ kò lò nínú BIOS, bíi ohùn àti COM2, kí IRQ lè ṣẹ́ kù.

*Ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹ bá yan Safe Mode ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ṣiṣẹ́ bí ẹ bá yan èyí tó ní JEMMEX.* Ọ̀rọ̀ òkè ìrántí tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ni. Ẹ yọ LH kúrò. Bó bá ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ máa lo ìyàn tí kò ní JEMMEX.

*mTCP ní àdírẹ́sì tí òun gbà ti kọjá àkókò, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn ni DHCP gbà á.* Ẹ tẹ DATE. Bó bá jẹ́ ọdún àtijọ́ kan ló hàn, bátìrì orí motherboard ti kú. CR2032 ni orúkọ rẹ̀. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, bátìrì yẹn ló ń di aago mú ní gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà wà nínú òkùnkùn, kì í sì í pẹ́ tán. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì tún BIOS ṣe, torí ohun tí ẹ yàn níbẹ̀ náà á ti lọ.

*Ẹ fẹ́ jí dráífà lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ibẹ̀ ti ní onílé.* TERMIN.COM tó wà nínú Crynwr, àkójọ packet driver kan, ló ń lé e: `TERMIN 0x60`. Bó bá kọ̀, ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tún un tàn.

Gbígba fáìlì láti orí fóònù tàbí alágbèéká

mTCP kò mọ HTTPS, kò sì mọ SFTP, torí náà ẹ má retí pé kó ṣí ojú-ìwé báńkì. Ohun tó wúlò fún jù ni FTPSRV, tó ń sọ kọ̀ǹpútà DOS di ibi tí àwọn ẹ̀rọ yòókù ti lè wá kó fáìlì. Ẹ fi ìlà yìí kún MTCP.CFG:

FTPSRV_PASSWORD_FILE C:\NET\FTPPASS.TXT

kí ẹ sì kọ ìlà kan sínú FTPPASS.TXT:

akowe oro-asiri-yin [none] [any] all

Ẹ fi ọ̀rọ̀ àṣírí gidi rọ́pò. Ẹ tẹ `C:\NET\FTPSRV`, kí ẹ wá fi ètò FTP orí fóònù lọ sí 192.168.1.60. Ọ̀rọ̀ àṣírí yẹn ń gba orí wáyà kọjá ní ìhòòhò, ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí ráútà kan náà lè kà á. Ẹ má ṣe ṣí ọ̀nà FTP sí íntánẹ́ẹ̀tì lórí ráútà yín láé. DOS kì í sì í ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀: bí FTPSRV bá ti wà lójú, ètò ìṣirò kò lè ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ máa kó fáìlì ọjọ́ náà jáde, kí ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́yìn rẹ̀ bí ojú ọ̀run bá ti ṣú.